Ẹ́ńjìnnì fún Ọkọ̀ Afẹ́fẹ́

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Mo ti sọ fún un.

Láti ọjọ́ tí dókítà ti pè mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni tó ru omi gbígbóná. Iṣan tó ti ọrùn wọ apá ọ̀tún ti já láti ìdí. Kì í ṣe pé ó fà, ó já ni, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè so ó padà. Dókítà ní kí n fúnra mi sọ fún un, pé lẹ́nu ìyàwó ni yóò ti rọrùn jù láti gbọ́. Kò bi mí bóyá ó rọrùn láti sọ.

Mo dúró kí Pẹ́pẹ́yẹ sùn lọ́sàn-án. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sí etí ibùsùn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ má bínú o. Dókítà ní apá yín ò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Ó wò mí títí. Mo ti gbára dì fún ẹkún, mo ti gbára dì fún ìbínú. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló ń gbọ́n omi inú ọkọ̀?"

Mo ní Gíga ni. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 4

Kò sọ̀rọ̀ lánàá, kò sọ̀rọ̀ lónìí. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, ìdajì ń bọ́ sílẹ̀, èmi náà ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi kí n má baà wò ó. Mo ń bi í pé ṣé ẹ fẹ́ omi, ṣé kí n gbé ìrọ̀rí sí yín lẹ́yìn. Orí ló fi ń dá mi lóhùn.

Kò sí atẹ́gùn kankan. Aṣọ tí mo sá dúró gbagidi lórí okùn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má mira. Pẹ́pẹ́yẹ húkọ́ mọ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo pọn Pẹ́pẹ́yẹ lọ sí èbúté lọ wo ọkọ̀. N kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ náà. Òrùka irin tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ṣì wà lára ògiri, wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun. Okùn tó so mọ́ ibẹ̀ ló wé mọ́ ọkọ mi lápá nígbà tí ìgbì ọkọ̀ ńlá gbá ọkọ̀ tiwa sẹ́yìn. Ọkọ̀ lọ, apá kò lè tẹ̀ lé e.

Gíga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà nínú ọkọ̀, ó ń fi agolo gbọ́n omi. Ó ga débi pé bó bá jókòó sínú ọkọ̀ kékeré yẹn, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un.

Ó ní ìgbòkun kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi ọwọ́ kan darí ọkọ̀ bí ẹlòmíì bá ti lè bá a di okùn ìgbòkun mú. Ibi tí wàhálà wà ni ẹnu èbúté, níbi tí àwọn ilé gíga ti dí atẹ́gùn. Níbẹ̀, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé, àjẹ̀ sì ń fẹ́ ọwọ́ méjì.

"Àfi kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì, ìyàwó wa. Kékeré báyìí. Ti àbáwọlé àti àbájáde lásán."

Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nínú ọkọ̀ ju kí n lẹ ìgbòkun tó bá ya. Àwọn ọkùnrin tó jókòó lórí ògiri ti gbọ́ wa. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pe ọkọ mi, nítorí pé nígbà tí gbogbo wọn bá ń wa àjẹ̀ tí òógùn ń bò wọ́n, òun á ká apá sáyà, á máa dúró de atẹ́gùn rẹ̀. Ọ̀kan bi èkejì pé ṣé afẹ́fẹ́ náà ti ń mu epo ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé kọ̀rọ̀ ni mo tó nu ojú.

Ẹtì, 6

Mo dá ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ọkọ̀ ìgbòkun tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, adìyẹ tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ gidi, odindi, láti ẹnu rẹ̀. Mo sá lọ sí kíṣíìnì lọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di nǹkan mìíràn mọ́ mi lójú.

Àìkú, 8

Màmá ọkọ mi dé láàárọ̀ pẹ̀lú àpò méjì, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìbẹ̀wò ọjọ́ kan. Wọ́n wo apá ọmọ wọn, wọ́n fi ìborùn bo ojú, wọ́n sì bọ́ sí kíṣíìnì lọ fọ gbogbo ohun tí mo ti fọ̀.

Lọ́sàn-án wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ẹjọ́ ni. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí mi. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ẹnu mi máa ń jẹ́ méjì: níwájú àwọn, mo máa ń pọ́n ọkọ mi lé, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti kọ ẹ̀yìn, àwọn a máa gbọ́ "o" àti "ìwọ" láti inú yàrá bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ẹ. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀, 'ẹ' ni gbogbo ẹ̀. Ìyàwó mi, o ti dàgbà."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kí ìyá ọkọ ẹni yin ẹni. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Ọkọ mi ní láti ti gbọ́ wa.

Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni pé kí a ta ọkọ̀, kí ọmọ àwọn máa bọ̀ nílé.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì. Olóòótọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín, nítorí gbólóhùn kan tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "òótọ́ ni mo máa sọ fún yín," tí irọ́ sì máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ́ńjìnnì so rọ̀ lórí igi gbọọrọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan dorí kọ ilẹ̀ bí àdán. Àgbá omi kan wà láàárín ilé tí wọ́n ti ń dán wọn wò, epo léfòó lórí rẹ̀ bí òṣùmàrè. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ: ibi tí omi bá wà, ẹkún ni títí wọ́n á fi gbé e sí i.

Olóòótọ́ mú mi lọ tààrà sídìí èyí tó tóbi jù. Ó ní òótọ́ lòun máa sọ fún mi, ẹ́ńjìnnì yìí, bí ọkọ mi bá gbé e, yóò dé òdìkejì kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu èrò. Gíga, tó bá mi lọ, ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí ọkọ̀ á dé òdìkejì, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbí.

Olóòótọ́ wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ gígùn àbí ẹsẹ̀ kúkúrú?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Gíga rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ́ńjìnnì ló ń bi mí. Apá ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀. Bó bá kúrú fún ọkọ̀, fáànù rẹ̀ á jáde sókè omi, á máa gbá afẹ́fẹ́, á máa han bí ajá. Bó bá gùn jù, á máa wọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí n lọ wọn pákó ìdí ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n padà wá.

Mo rò ó títí mo fi dé ilé. Ohun tó kúrú, ohun tó gùn jù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ọkọ mi sọ rí. Kò sí èyí tó kan omi.

Ọjọ́rú, 11

Òjò. Epo tún gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo lè ní kí Gíga wọn ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló kan ọkọ̀ yẹn, pákó kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi wọ̀n ọ́n, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Kò lo téèpù rí. Ó máa ń fi téèpù tó wà lọ́rùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni tí kò lọ́wọ́ ló ń ra ọwọ́ lọ́jà.

Mo wọlé bá a lọ́sàn-án, mo ní wọ́n ń béèrè bí ìdí ọkọ̀ ṣe ga tó. Mo ti ń yí padà lọ nígbà tó na ọwọ́ òsì sókè. Ó ya ìka rẹ̀ sílẹ̀ tán porongodo, ó pa á dé, ó tún yà á, ó sì fi ìka mẹ́ta lé e. Ojú ògiri ló ṣì kọ sí.

Mo yọ téèpù lọ́rùn, mo kúnlẹ̀, mo sì wọn ọwọ́ náà. Ó gbóná. Ó ti pẹ́ tí mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láìjẹ́ pé oògùn ni mo fẹ́ fún un. Mo kọ iye rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní, "Wọn èkejì."

Èkejì wà lórí ìrọ̀rí, ó ká bí ewé gbígbẹ. Mo na téèpù sí i. Kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí sí ara yín."

Ìgbà yẹn ló yí ojú sí mi. "Ṣé Màmá wà nílé ni?"

Mo ní rárá, Màmá lọ sí ọjà.

"Ta wá ni 'ẹ' nínú yàrá yìí?"

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí. Ó rí i pé n kò mọ̀ ọ́n, ó sì dà bíi pé ìyẹn ló dùn ún jù.

"Nígbà tí mo ní apá méjì, ẹyọ kan ni mí lójú rẹ. Apá kan kú, mo wá di ọ̀pọ̀ èèyàn."

Ó padà sí ògiri rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́ títí Pẹ́pẹ́yẹ fi jí.

Ẹtì, 13

Òótọ́ ni. Mo ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò bí ẹni tó ń tú ìránsó. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti sọ fún un, n kò pè é ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àní gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ má bínú. Apá yín. Bí mo ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀ ni mo ṣe bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń kí bàbá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa nìyẹn, tí mo bá ń bá a gbé igbá omi.

Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gbé mi sọdá omi, n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní "ẹ ṣé." Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní òun ò rí èkejì òun. Ó ní ẹyọ kan lòun, kí n pe òun bí òun ṣe mọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo pè é bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà ni "o" ti jẹ́ tiwa. Ti Màmá ni "ẹ".

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Bóyá àánú ni, tó wọ aṣọ ọ̀wọ̀. Èmi tí mò ń ránṣọ, n kò mọ irú aṣọ tí mo rán fún ọkọ mi.

Mo wọlé lọ láti tún un ṣe. Mo dúró. Mo ní, "O..." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe. Ó ń ṣe bí ẹni tó sùn. Bóyá ó sùn lóòótọ́.

Àbámẹ́ta, 14

Ó bá Màmá lọ.

Màmá ní kò sí omi kankan lágbègbè àwọn tí á máa rí, ọkàn rẹ̀ á sinmi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun fẹ́ lọ, kò sì sọ pé òun kò fẹ́. Mo kó aṣọ rẹ̀ jọ. Mo ti gé apá ọ̀tún àwọn ẹ̀wù rẹ̀, mo ti fi bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kó lè máa fi ọwọ́ kan wọ̀ wọ́n. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ló wọ̀.

A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Mo ti pinnu rẹ̀ láti òru pé màá sọ ọ́ kó tó lọ: o máa padà wá, ṣé o gbọ́? Mo ya ẹnu, mo sì rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò méjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyàwó tó ti dàgbà.

Mo ní, "Ẹ máa lọ dáadáa o."

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Sí èmi. Ó ní "ẹ ṣeun" sí èmi.

Pẹ́pẹ́yẹ ń juwọ́ sí mọ́tò títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà, ó tún ń juwọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìṣẹ́gun, 17

Mo gbé owó tí a ń kó jọ láti fi gba yàrá kejì jáde nílé ìfowópamọ́. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo padà sọ́dọ̀ Olóòótọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ gígùn ni.

Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó kéré, mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún. Ó fúyẹ́, mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò lè tún un ṣe, àmọ́ ariwo rẹ̀ ń jẹ́ kí Pẹ́pẹ́yẹ di etí, èéfín rẹ̀ sì kún ilé. Èkejì dákẹ́, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo bí òkú. Ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì, wọ́n ti lò ó díẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti bó léjìká.

Olóòótọ́ ń rojọ́ lọ. Mo ní kó dúró ná. Mo tú gèlè mi, mo fi di apá ọ̀tún mọ́ ara, mo ní kí Gíga so ó lẹ́yìn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé ẹ́ńjìnnì ni ìyá yìí fẹ́ rà àbí ìjàkadì ló fẹ́ jà. Gíga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó so gèlè náà, ó sì rọra so ó, bí ẹni ń so nǹkan mọ́ ara ọmọ tuntun.

Mo fi ọwọ́ òsì fa okùn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Ó tapá sí mi. Mo tún fà á, ó já mi lulẹ̀ sí eékún. Èkejì, okùn rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ jáde. Ẹ̀rín ti ń tán nílẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo fi ẹsẹ̀ ti igi, mo yí ìbàdí, mo fà á, ó húkọ́. Mo tún fà á. Ó dáhùn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú apá dídì, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, n kò sì lè dá omijé dúró. Báyìí ló ṣe máa ń ṣe é láti wọ ẹ̀wù. Báyìí ló ṣe máa ń ṣe é láti gbé ife. Èmi ń bi í pé ṣé ẹ fẹ́ omi.

Olóòótọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó fi hàn mí pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọwọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún, pé atukọ̀ á jókòó sápá ọ̀tún, á fi òsì dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. "Òótọ́ ni mo sọ fún yín," ó ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àìkú, 22

Mo fi fọ́nrán fídíò Pẹ́pẹ́yẹ ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ó wò ó, fóònù fi hàn mí pé ó wò ó. Kò sí èsì. Mo pè, Màmá ló gbé e: ó ń sùn. Mo pè lálẹ́: ó ń wẹ̀. Màmá ní ọkùnrin kan ti rí ọkọ̀ náà, ó fẹ́ rà á, owó rẹ̀ dára, yóò wá bá mi kí oṣù tó parí. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ yẹn da ọkàn ọmọ àwọn láàmú, kí n sáà tà á.

Pẹ́pẹ́yẹ ń wá bàbá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́bọ̀, 26

Atẹ́gùn ti dé. Gbogbo aṣọ orí okùn ń sá lọ.

Gíga kan pákó mìíràn mọ́ ìdí ọkọ̀ kó lè gba ìwúwo, a sì de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Mo fi Pẹ́pẹ́yẹ sọ́dọ̀ ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo wọ ẹ̀wù ìléfòó tí Gíga yá mi, ó tóbi débi pé etí mi wà nínú rẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá wọ ọkọ̀, ojú dídì ni títí a ó fi gúnlẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi, kò kúrú, kò gùn. Mo fa okùn. Ó jí. Gíga ní kí n darí rẹ̀. Àwọn tó wà lórí ògiri dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni. A gba ẹnu èbúté kọjá, ibi tó ń fẹ́ ọwọ́ méjì, mo sì fi ọwọ́ kan kọjá.

Lóde gbangba, Gíga ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ náà bà mí lẹ́rù. Ó fa ìgbòkun sókè, gbogbo ibi tí mo ti lẹ̀ lára rẹ̀ hàn sí oòrùn, ó sì fún mi ní okùn. Ó ní kí n dì í, kí n má tú u. Atẹ́gùn dé, okùn sì sáré gba àárín ìka mi kọjá, ó bó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dì í. Mo pariwo, ṣùgbọ́n mo dì í.

Ibi tí ọkọ mi máa ń jókòó ti ń dán, ìjókòó ti fá a. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ajé, 30

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá. Ó mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kò sí bí mo ṣe lè kórìíra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dùn mọ́ ọn. Ó ní òun á gé òpó ìgbòkun kúrò, ó ń gba àyè, a sì lè mú aṣọ rẹ̀, bí mo bá fẹ́, mo lè fi rán nǹkan.

Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

Gíga ní bí Afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tà, kó tà, tirẹ̀ ni. Àmọ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni a ó ti gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́gun, 31

Láàárọ̀ yìí ni mo jókòó ti fóònù. Mo kọ ọ́, mo kà á, mo rí i pé mo tún ti kọ "ẹ" síbi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ọkọ̀ yín. Nítorí mo mọ̀ pé Màmá á kà á. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo kọ nìyí:

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ́ńjìnnì ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìwọ̀n ọwọ́ rẹ mu. Mo so apá mi kan kí n tó yàn án, o lè fa okùn rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún. Òpó ìgbòkun ṣì dúró. Èmi ni màá máa bá ọ di okùn mú. Ẹ̀rù omi ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti dì í mú lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á ń padà bọ̀ ní Ẹtì. Bí o bá ní kí n tà á, màá tà á. Bí o bá ní kí n dúró, màá dúró. Ìwọ ni mo ń bi. Màmá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ gbé fóònù fún un. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, má bínú, mo sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ẹyọ kan ni ọ́. Jọ̀wọ́, tètè dá mi lóhùn.